Òbúkọ Hafeez Ń Ṣàìsàn ní Èdè Faransé

Ọmọ mẹ́tàdínlógójì ni ọwọ́ mi yìí ti wẹ̀ ní àyíká Ọjà Igbó, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kà wọ́n. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó wá sílé mi kí n máa dárúkọ wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì yọ àwọn tó tọ̀ sí mi lẹ́nu sọ́tọ̀. Ọmọ ìkókó tó ń ké bí ẹni tí wọ́n gba oko bàbá rẹ̀, bí mo bá ti na ẹsẹ̀ méjèèjì, tí mo tẹ́ ẹ sórí itan mi tó fẹ̀ bí ìjókòó mọ́tò, tí mo fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, tí mo fi òrí na apá, tí mo na ẹsẹ̀, oorun ni yóò gbé e lọ. Bí iṣẹ́ kan bá wà tí èmi Mọ̀ríámọ̀ mọ̀ láyé, òun nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí Mubaraq sọ fún mi lórí fóònù nínú oṣù Rájábù fi wọ̀ mí dé eegun. Mubaraq ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí. Bùwakẹ́ ló wà, ní Kodifuà, lẹ́yìn ilẹ̀ Gánà, ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò níbẹ̀, bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò lọ́hùn-ún láti ayé bàbá bàbá rẹ̀. Ọmọ ibẹ̀ ni Sàlímátà ìyàwó rẹ̀. Faransé ló ń sọ, àti èdè ìyá rẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ kú" lọ, kò sì tíì mọ ohun tí wọ́n fi ń parí rẹ̀.

Oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ìyá tó bí i sì ti ṣaláìsí. Mo wá sọ fún Mubaraq pé kó má wulẹ̀ dààmú, èmi ń bọ̀ wá wẹ ọmọ. Ó wúkọ́. Èmi ni mo bí i, mo mọ ikọ́ tó máa ń wú nígbà tó bá fẹ́ sọ ohun tí kò ní dùn mọ́ni. Ó ní Àǹtí Ràódàt ló máa wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ràódàt jẹ́. Àbúrò ọkọ mi ni. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, ṣùgbọ́n inú ilé ló wà kí wọ́n tó gbé mi wọlé níyàwó, nítorí náà ọkọ mi ni òun náà, èmi ni mo sì ń kúnlẹ̀ fún un. N kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Eyínfúnjowó ni mò ń pè é, ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Orí ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Ràódàt, ó sì ń dùn mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ta aṣọ ní Àbíjáàn fún ogún ọdún kó tó padà wálé sí Ọ̀yọ́, Faransé sì ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ọbẹ̀ ilá.

Mo béèrè lọ́wọ́ Mubaraq pé ọmọ mélòó ni Ràódàt ti wẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ wíwẹ̀. Ó ní àárọ̀ lòun ń jáde nílé, ìrọ̀lẹ́ lòun ń wọlé, ìgbà mìíràn sì wà tí òun ń lọ kó ọjà ní Àbíjáàn, tí òun ń sùn síbẹ̀.

"Màámi, ẹ̀yin àti Sàlímátà á kàn máa wo ara yín bí adìyẹ àti awó ni. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ, kí lẹ máa sọ fún un? Kí lòun náà máa sọ fún yín?"

Ó dùn mí, nítorí pé òótọ́ ni. Mo ní bí mo bá wá gbọ́ Faransé ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí tí ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fi ń bi í pé kí ló dé. Mo ní kó rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán, kó dá ọjọ́. Bó ṣe di àdéhùn nìyẹn. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, kí n lọ bá Ràódàt ní Ọ̀yọ́, kí àwa méjèèjì bá Sàlímátà sọ̀rọ̀ lójú ara wa lórí fóònù tó ń fojú hàn. Bí mo bá lè bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsí ògbufọ̀, èmi ni n óò lọ wẹ ọmọ. Bí n kò bá lè ṣe é, kí n jókòó sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí n máa wo fọ́tò. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má sọ fún ìyàwó rẹ̀ o, mo fẹ́ kó bá a lójijì.

Haneefah, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi nítorí yunifásítì, ló fi áàpù náà sórí fóònù mi. Ó ní AI ló wà nínú rẹ̀, pé ó ń gbọ́ ohun tí èèyàn ń sọ, ó sì ń fèsì bí olùkọ́. Ohùn obìnrin kan jáde, ohùn tó tutù, tó mọ́ tónítóní, bí ohùn ẹni tí kò fọ ìkòkò rí láyé rẹ̀. Màdáámù ni mo sọ ọ́.

Màdáámù ní bọ́ńjúù. Iná kékeré kan tàn, pé kí èmi náà wí tèmi. Èmi tí wọ́n kọ́ nílé, ṣé a máa ń dá olùkọ́ lóhùn láìkí i ni? Mo gbé fóònù náà súnmọ́ ẹnu, mo ní Màdáámù, ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́ o, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé kò rẹ̀ yín? Kí n tó dé orí bọ́ńjúù, iná ti kú, àmì pupa ti jáde. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi kí i bẹ́ẹ̀, tí mo ń gba àmì pupa bí ẹni ń gba sàárà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Haneefah ń dúró sí tó ń fọwọ́ bo ẹnu. Ọjọ́ tí mo mú un, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí ẹ̀rín.

"Màámi àgbà, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. AI ni. Kò bímọ."

Mo ní ẹni tó bá ń kọ́ni níwèé, ìbáà ṣe ìkòkò, àgbà ẹni ni. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, mo máa ń kí i tán kí n tó ṣí i.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Faransé le. Imú àti ọ̀fun ni gbogbo ẹ̀. Imú mi ti ń dí láti kékeré, eyín iwájú méjì kò sì sí lẹ́nu mi mọ́, àṣé Faransé ni Ọlọ́run ń pèsè mi sílẹ̀ fún. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun, eegun ẹja ni mo máa ń rántí, yóò sì jáde geere. Mò ń kọ́ ọ níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Mò ń kọ́ ọ nílé ìyàgbẹ́, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ oókan dé ogún, nítorí pé ní ọjọ́ orí mi yìí, ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń kánjú. Kí oṣù Ṣàbáànù tó parí, mo ti lè ra tòmátì, mo ti lè béèrè ọ̀nà, mo sì lè sọ pé ọmọ márùn-ún ni mo bí, obìnrin mẹ́rin àti ọkùnrin kan. Mo kí Àbíkẹ́ aláta ní Faransé nínú ọjà. Ó bi mí pé ṣé akokoro ni.

Ààwẹ̀ ló kó mi sí wàhálà. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni Màdáámù ní kí n sọ pé mo ń mu wáìnì pẹ̀lú oúnjẹ mi. Mo fi omi rọ́pò wáìnì. Pupa. Mo fi sóbò rọ́pò rẹ̀. Pupa. Haneefah ló gbà á sọ fún mi, ó ní òun á tọrọ àforíjì nígbà ìrun.

Ìyẹn ṣì kéré. Ẹ̀kọ́ àìsàn ló tẹ̀lé e. Màdáámù ní kí n sọ pé, "Mo ń ṣàìsàn." Mo ní n kò ṣàìsàn. Pupa. Ó ní kí n sọ pé orí ń fọ́ mi gan-an. Mo ní orí mi kò ní fọ́, láṣẹ Ọlọ́run. Pupa. Ó tún ní kí n sọ pé ọmọ mi wà ní ọsibítù. Mo sọ fóònù náà sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan ẹyin iná.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú rẹ̀. Bí mo bá ń júwe ibi tí oówo ti sọ ẹlòmíràn, tí ọwọ́ mi bá kan ara mi, kíá ni n óò sọ pé kì í ṣe ara tèmi o. Ìyá mi lo ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún láyé, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí pé òun ń ṣàìsàn. "Ara ń sọ̀rọ̀ díẹ̀" ló máa ń wí, títí dé ọjọ́ tí ara fi sọ èyí tó gbẹ̀yìn. Ṣé èmi ni n óò wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láàárín ààwẹ̀, tí ilẹ̀kùn àdúrà ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí n óò máa kó ọmọ mi lọ sí ọsibítù ní èdè òkèèrè? Haneefah ní kí òun bá mi sọ ọ́ kí á lè kọjá. Mo ní ọmọ tèmi ni ìwọ náà, ẹnu rẹ kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ó ti sọ ọ́ kí n tó parí ọ̀rọ̀, Màdáámù sì dáhùn pé ó dára gan-an. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló dára níbẹ̀.

Mo kọ̀, mo ní a kò ní fi ẹnu ọmọ náà kọjá, mo ní kó dá ẹ̀kọ́ náà padà síbi tó wà. Ẹ̀kọ́ tó kù kò sì ṣí. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi dúró sójú kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tan ara mi. Mo ní ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun ni mò ń lọ sọ, ọ̀rọ̀ ayọ̀, kí ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àìsàn ṣe?

Haneefah kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Bí ibà bá mú ọmọ ńkọ́, Màámi àgbà? Ẹ máa kọ orin fún un ni?"

Ọmọ tó gbọ́n a máa rí ibi tó ti ń dun èèyàn.

Ní ọjọ́ kejìlá, ó gba fóònù, ó ní kí á kúkú sọ ọ́ fún Màdáámù fúnra rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé màmá àgbà òun kò lè pe àìsàn mọ́ ara rẹ̀ tàbí mọ́ ọmọ rẹ̀, nítorí pé nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ẹnu lágbára. Mo ti ń retí kó bú wa. Kò bú wa. Ó dáhùn pé òun gbọ́, kò burú rárá, ta ni a fẹ́ kí àìsàn náà máa ṣe?

Ẹ wò ó, n kò ronú. Ẹ̀yìnkùlé mi ni Hafeez tó ń lẹ táyà ń gbé. Ó ní òbúkọ kan tí kì í so mọ́lẹ̀. Òbúkọ yìí ti jẹ gbàgúdà tí mo sá, ó ti jẹ etí ìró mi, ó sì jẹ ìwé Haneefah kan nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la. Mo ní, "Òbúkọ Hafeez."

Ọ̀rọ̀ wá dùn. Orí ń fọ́ òbúkọ Hafeez láti ọjọ́ mẹ́ta. Ibà ń ṣe òbúkọ Hafeez. Òbúkọ Hafeez ń ṣu olómi. Ẹsẹ̀ òbúkọ Hafeez wú, òòyì ń kọ́ ọ, kò ríran dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Kò sí àìsàn tí n kò fi ṣe é. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kó gbà mí ní ọjọ́ méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ṣe é nítorí ìgbádùn, nígbà tí Màdáámù sì ní ó tó, mo ní ó ṣì ku eyín rẹ̀. Hafeez béèrè lórí ògiri pé kí ló dé tí òun ń gbọ́ orúkọ òun lẹ́nu mi láràárọ̀. Mo ní mò ń ṣàdúrà fún ohun ọ̀sìn rẹ̀ ni. Ó ní àmín. Òbúkọ náà kò tilẹ̀ rù.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́. Sàlímátà ti di olóyún oṣù mẹ́jọ. Nínú mọ́tò, mò ń ka Faransé mi sí abẹ́ ẹnu, títí tí obìnrin tó jókòó tì mí fi gbé ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ mi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. N kò dá a lẹ́bi.

Ìsọ̀kùn ni ilé Ràódàt wà. Mo kúnlẹ̀ ní àárín pálọ̀, mo ní Eyínfúnjowó, ọkọ mi, mo kí yín o. Orúnkún mi dún bí igi gbígbẹ. Ó dì mí lápá mú kí n tó lè dìde, ó ní ìyàwó mi, ṣé orúnkún yìí lẹ fẹ́ gbé dé Bùwakẹ́? Mo ní orúnkún kọ́ ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dé inú ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ti di ẹrù. Mo rí àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tuntun, ó ń dán.

Mubaraq àti Sàlímátà yọ lójú fóònù, wọ́n jókòó sórí àga kan náà. Mubaraq wọ ṣẹ́ẹ̀tì àtijáde, ó ní òun ń lọ sí Àbíjáàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kí á má pẹ́. Ràódàt ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó gbọ́ Faransé. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń da omi sílẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ aṣọ, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ ọjà kan tí wọ́n wó ní Àbíjáàn. Ìdajì rẹ̀ ni mo gbọ́. Mubaraq ń mi orí. Ọkàn mi ń kéré bí iyọ̀ nínú omi.

Ràódàt wá yí fóònù sọ́dọ̀ mi, ó ní ó yá.

Mo kí Sàlímátà. Mo bi í nípa ilé, mo bi í nípa ara, mo sọ fún un pé èmi ni ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi láti rí i. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wò mí, omi lé e lójú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń sáré. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo kọ́ ti sá kúrò lórí mi bí òròmọdìyẹ tó rí àṣá. Tòmátì lọ. Ọ̀nà lọ. Oókan dé ogún kò dúró dè mí. Ràódàt gbé aago rẹ̀ wò.

Kí ló kù lórí mi? Iṣẹ́ mi ló kù. Bí wọ́n bá mú aláboyún wá bá mi ní Ọjà Igbó, n kì í bi í nípa òjò. Orí ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, mo máa ń bọ́ọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ní kó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì bi í ní Faransé pé orí rẹ̀ ńkọ́.

Ó ní ó dára. Ṣùgbọ́n ó wo ọkọ rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Mo ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ aláboyún. Mo ní kó má wò ó, kó wò mí. Mo tún bi í.

Ó ní ó ń fọ́ òun. Láti ìgbà wo? Ó ní láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní ojú ńkọ́? Ó ní òun ń rí iná wíníwíní tó ń tàn tó ń kú. Mo ní ọwọ́ ńkọ́? Ó gbé ọwọ́ sókè: òrùka ìgbéyàwó kò sí níka, ó ní kò wọlé mọ́. Mo ní ẹsẹ̀ ńkọ́? Ó yí fóònù sísàlẹ̀ láti fi ẹsẹ̀ hàn mí. Sálúbàtà Mubaraq ló wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kún inú rẹ̀ bí àkàrà tó wú nínú epo. Mo ní kó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ìka náà jìn sínú, kò sì dìde.

Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo ohun tó sọ yìí tí n kò tíì fi ṣe òbúkọ Hafeez, tí n kò sì fi rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo sọ fún un ní Faransé pé, "Ọsibítù. Lónìí. Nísinsìnyí." Lẹ́yìn náà ni mo yí sí Yorùbá.

"Mubaraq, gbé ìyàwó rẹ lọ sí ọsibítù."

"Màámi, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó sọ fún mi pé ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Tí mo bá dé láti Àbíjáàn..."

"Mubaraq, o ò lọ sí Àbíjáàn."

Ó fẹ́ fèsì. Ràódàt gba fóònù lọ́wọ́ mi. Mo rò pé yóò gbè é.

"Ṣé o ò gbọ́ ohun tí ìyá ẹ sọ ni?" ó ní. "Àbí kí n tú u sí Faransé fún ìwọ náà?"

Wọ́n pa fóònù.

Kò sí ohun tó gùn tó ọ̀sán ọjọ́ náà. Ràódàt sè, kò sẹ́ni tó jẹ. A kírun ọ̀sán, a kírun àlàásárì. Láàárín méjèèjì ló sọ fún mi, láìwo ojú mi, pé gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lòun ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, láti oṣù mẹ́ta, òun kò sì bi í léèrè ẹsẹ̀ rí. Ó ní òun rò pé bí èèyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ geerege, ara rẹ̀ yá nìyẹn. Ó wù mí kí n ṣe fọ́ńté, n kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀. Mo ní Eyínfúnjowó, ẹ̀yin lẹ pàṣẹ tó fi gbọ́, bó bá ṣe èmi nìkan ni, a ṣì máa jiyàn dìgbà tí mọ́tò Àbíjáàn á fi gbéra.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Mubaraq pè. Ohùn rẹ̀ ti fọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ti lọ sókè kọjá ibi tó yẹ kó dé. Dókítà ní àwọn tètè dé, pé ká ní ó di ọjọ́ mẹ́ta sí i, ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ni ìbá jẹ́. Wọ́n ti fún un lóògùn, wọ́n sì dá a dúró. Ọmọ inú ń ta pọ́únpọ́ún. Ràódàt ní Alhamdulilaahi. Èmi ń nu imú sí etí ìborùn mi.

Mubaraq tún ní dókítà sọ pé kò gbọdọ̀ dá wà mọ́ títí tó fi máa bí, kí ẹnì kan wá jókòó tì í. Ó wúkọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ gbọ́ èdè dókítà dáadáa. Ṣé ẹ lè bọ́ sọ́nà lọ́la?"

Mo wo ilẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. N kò tíì sọ̀rọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo mọ̀. Ràódàt náà wo àpótí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ tí Sàlímátà ń sọ nǹkan lẹ́yìn, tí fóònù sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ Mubaraq bí ẹni pé wọ́n ń gbà á. Ó gbà á. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo ti bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, kó lè yé mi. Ó yé mi kí Ràódàt tó la ẹnu, àmọ́ mo jẹ́ kó tú u, nítorí mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ní Faransé tèmi dùn," Ràódàt wí. "Ó ní kí ìyá tó béèrè ẹsẹ̀ òun máa bọ̀."

Ó dìde, ó tú àpótí tuntun náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ tirẹ̀ jáde sórí àga.

Mo dé Bùwakẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, pẹ̀lú ìdí tó ti kú sórí ìjókòó mọ́tò àti igbá òrí méjì tí àwọn aṣọ́bodè fi imú gbóòórùn ní ẹnubodè mẹ́rin. Mo jókòó ti Sàlímátà ní ọsibítù, láàárọ̀ lálẹ́, mò ń bi í léèrè láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń ka tẹ̀síbà, ó sì ń dáhùn. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni wọ́n bá wa gbé ọmọbìnrin kan jáde, ó kéré, ojú rẹ̀ là kedere, igbe rẹ̀ sì tó ti ọmọ méjì.

Ọjọ́ tí a gbé e délé ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbé omi kaná, mo ti ká ìró sókè, mo ti na ẹsẹ̀. Sàlímátà ki ọwọ́ bọ omi, ó ní ó gbóná jù. Mo ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ó ní nọ́ọ̀sì sọ pé kí omi má gbóná ju ara lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì fi omi gbígbóná tẹ ìwọ́ ọmọ, kí a má jù ú sókè. Mo ní nọ́ọ̀sì náà, ta ló wẹ̀ ẹ́? Ó ní kì í ṣe ẹni tó fi omi bó o. Mo ní ṣé ara mi bó lójú rẹ̀ ni? Mo ní mo ti ń wẹ ọmọ kí wọ́n tó gba ọmú lẹ́nu bàbá rẹ̀. Ó ní bàbá òun kò sí níbí, ọmọ òun ló wà níbí, ọmọ òun sì kéré. Ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. Èmi náà ìbá fi ọwọ́ lé ìbàdí, ká ní mo lè tètè dìde.

Mubaraq dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, kò wọlé, ó ń wò wá. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé Faransé la ti ń bá ara wa jà láti ìṣẹ́jú mélòó kan, n kò sì dúró wá ọ̀rọ̀ kankan.

Mo wo ọmọ náà. Òótọ́ ni, ó kéré. Mo bu omi tútù sínú omi gbígbóná náà.